Bí ẹ ṣe lè fi ike omi wọn òjò nílé, kí ẹ sì mọ ìgbà tí àgbàrá ń bọ̀

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ sí Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 187.5. Ó wó afárá, ó gbé ilé lọ, ó sì mú ẹ̀mí èèyàn tó ju 100 lọ. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ló gbé iye yẹn jáde, àmọ́ bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní mìlímítà òjò, mẹ́sàn-án lè máà rí nǹkan kan fi dá yín lóhùn.

Ohun tó jẹ́ nìyí. Ẹ wo ilẹ̀ kan tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní fífẹ̀. Ká ní omi tó bá bọ́ síbẹ̀ kò lè ṣàn kúrò, kò sì lè mu wọlẹ̀. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó máa dúró níbẹ̀ á jẹ́ lítà 1 géérégé. Mìlímítà 187.5 wá túmọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje àbọ̀, tí ẹ dà sórí àyè tí kò tó ẹni mẹ́fà dúró. Ẹ fi wé pulọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120: ó tó irú àyè mítà kan sí mítà kan yẹn bíi 670. Bí òjò mìlímítà 50 péré bá rọ̀ sí i, ẹ ti ní omi bíi lítà 33,500 nínú ọgbà kan ṣoṣo. Tánkà omi onílítà 10,000 mẹ́ta kò ní gbé e tán. Omi yẹn gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde, ilé tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ló sì ń kàn.

Ẹ lè sọ pé fóònù yín ti ń sọ iye òjò tó rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye tí fóònù ń sọ jẹ́ ìṣirò fún àyè tó gbòòrò, tó lè kó àdúgbò púpọ̀ pọ̀. Ẹni eji bá rí leji ń pa. Òjò lè lu Mọ́níyà bolẹ̀ kí eruku ṣì máa sọ ní Challenge, nílùú Ìbàdàn kan náà. Àgbàrá tó máa wọ ilé yín kò ní bi fóònù léèrè.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ike omi onílítà 1.5 kan, èyí tí ara rẹ̀ gún régé láti ìsàlẹ̀ dé èjìká. Ẹ má lo èyí tí wọ́n fún ní ìbàdí bí ike ẹlẹ́rìndòdò, nítorí bí ó ṣe ń fẹ̀ tó ń tín-ín-rín yẹn á ba ìwọ̀n jẹ́. Ẹ wá rézà tàbí ọ̀bẹ mímú, rúlà onísẹ̀ǹtímítà, máàkà tí omi kì í wẹ̀ kúrò, sẹ́lótéèpù fífẹ̀, igi tàbí irin kan tó gùn tó mítà kan, àti wáyà tí ẹ máa fi dè é. Ẹ ra síríǹjì onímílílítà 20 ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ló kù. Nínú gbogbo rẹ̀, ìwé yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ike tó bá bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ kan, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta kò ṣeé pààrọ̀.

Gígé ike náà

Ẹ wo ibi tí ara ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹ̀ lọ sọ́rùn. Ẹ gé e ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, níbi tó ṣì fẹ̀ dáadáa. Orí rẹ̀ tó já kúrò, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ sọnù, kí ẹ dojú rẹ̀ dé inú ìsàlẹ̀ ike náà bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi àrọ rọ epo. Kí etí àrọ náà bá etí ike dọ́gba, kí ẹ wá fi sẹ́lótéèpù so wọ́n pọ̀ yíká. Iṣẹ́ àrọ yìí ni pé kò ní jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi gbẹ, ewé kò ní ráyè wọlé, omi tó wọ inú kò sì ní ta jáde mọ́.

Ibi gígé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Bí ẹ bá gé e níbi tó ti ń tẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kéré ju ara rẹ̀ lọ. Ká ní ara ike jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 8. Ó dà bí ìyàtọ̀ kékeré, àmọ́ omi tí ẹnu náà gbà á dín ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Òjò mìlímítà 50 á hàn lórí rúlà yín bíi 40. Ẹ ó máa rò pé òjò kò pọ̀, nígbà tí omi ti ń gun àtẹ̀gùn.

Ìdí ike náà kì í tẹ́jú, ó ní ihò àti gegele. Àwọn kan máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á bu omi sí i títí á fi bo òkúta, wọ́n á sì fa ìlà òdo síbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní láti máa bu omi dé ìlà òdo lójoojúmọ́, pàápàá nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí oòrùn sì ń fà á. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé, ìwọ̀n yín ti wọ́. Sìmẹ́ńtì ló dára jù. Ẹ po ìdajì ife sìmẹ́ńtì kó ṣàn díẹ̀, ẹ dà á sí ìdí ike kí ẹ tó fi àrọ dé e, ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bu omi lé e lórí kó mu ún yó, kí ẹ wá da omi náà nù. Sìmẹ́ńtì gbígbẹ máa ń mu lára òjò, ìdí nìyẹn. Orí sìmẹ́ńtì ni òdo yín. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ fi máàkà sàmì sí gbogbo mìlímítà 5. Nítorí pé ẹnu àti ara ike dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 1 omi nínú ike jẹ́ òjò mìlímítà 10, kò nílò ìṣirò kankan. Sìmẹ́ńtì náà á tún mú un wúwo, ìjì kò ní gbé e.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Òfin àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí rọrùn: kí ike jìnnà sí ohunkóhun tó ga, ó kéré tán ní ìlọ́po méjì gíga nǹkan náà. Ilé tó ga ní mítà 4, ẹ fi mítà 8 sílẹ̀. Igi máńgòrò náà ńkọ́? Bákan náà ni. Igi máa ń dí òjò lọ́wọ́, lẹ́yìn tí òjò bá sì dá tán, á ṣì máa kán tótó sínú ike fún wákàtí kan.

Ọgbà ọ̀pọ̀ wa nílùú kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àárín ọgbà ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ má sì ṣí i nípò mọ́. Ìwọ̀n tó ń dín díẹ̀ lójoojúmọ́ ní ibì kan náà ṣì wúlò. Èyí tí ẹ ń gbé kiri kò wúlò rárá. Ẹ má gbé e sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù, ìwọ̀n páànù ni ẹ ó máa wọ̀n níbẹ̀. Ẹ má gbé e sórí òrùlé pẹrẹsẹ pẹ̀lú, atẹ́gùn tó ń gba òkè máa ń gbá òjò kọjá lórí ẹnu ike.

Ẹ ri igi náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi wáyà de ike mọ́ ọn, kí ẹnu ike ga ju orí igi lọ, kó má baà jẹ́ pé òjò tó bá orí igi ló ń ta sínú rẹ̀. Gíga ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán, sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi tó bá ta láti ilẹ̀ á wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀. Bí adìẹ, ewúrẹ́ tàbí ọmọdé bá wà nínú ọgbà, ẹ gbé e dé mítà kan. Kí ẹnu rẹ̀ má dagun. Bí ikán bá pọ̀ ládùúgbò yín, irin ni kí ẹ lò.

Kíkà

Ẹ yan aago kan, kí ẹ má yí i padà. Aago méje àárọ̀ dára, nítorí pé ọ̀pọ̀ òjò ìrọ̀lẹ́ àti ti òru ti dá nígbà yẹn, ẹ kò sì tíì lọ ibi iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá orí omi dọ́gba. Omi máa ń gun ara ike díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tó rẹlẹ̀ jù láàárín ni ẹ máa kà. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye, ẹ wá da omi náà nù pátápátá. Bí ẹ bá fi omi sílẹ̀, ẹ̀fọn á yé sí i, ìwọ̀n ọjọ́ kejì náà á sì bàjẹ́. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ 0. Ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, nítorí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ ni tàbí ẹ̀yin ni ẹ kò kà á.

Ojú rúlà kò lè rí òjò mìlímítà 2 dáadáa. Ibí ni síríǹjì ti wọlé. Ẹ fi òwú yí ara ike po lẹ́ẹ̀kan, ẹ na òwú náà sórí rúlà, ẹ fi 3.14 pín gígùn rẹ̀. Bí òwú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 28.3, ike yín fẹ̀ ní 9. Ìdajì 9 ni 4.5, 4.5 lọ́nà 4.5 lọ́nà 3.14 jẹ́ bíi 63.6. Ẹ fi 10 pín in: mílílítà 6.36 nínú ike yín ló jẹ́ òjò mìlímítà 1. Fún ike tó fẹ̀ ní 8.5, ó jẹ́ 5.67; fún 8, ó jẹ́ 5.03. Ẹ kọ iye tiyín sí èèpo ìwé. Ó kù kí ẹ da omi inú ike sínú abọ́, kí ẹ fi síríǹjì fà á, kí ẹ sì ka iye rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ mílílítà 140: ẹ fi 6.36 pín in, òjò mìlímítà 22 ló rọ̀.

Bí òjò bá pọ̀ jù, omi á gun dé ọrùn àrọ, ìlà ara ike á sì di irọ́ láti ibẹ̀ lọ, nítorí pé àrọ náà ti gba àyè nínú omi. Lọ́pọ̀ ike, ibẹ̀ kì í ju mìlímítà 100 sí 120 lọ. Nítorí náà ẹ fi agolo mílíìkì ńlá kan, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò. Kò nílò àrọ. Rúlà ni ẹ máa tì bọ inú rẹ̀.

Ẹ má jáde lọ wo ike nígbà tí mànàmáná bá ń kọ. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Àáyá mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ bíi kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ẹ wà nínú ilé, kí ẹ sì dúró di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn ìgbà tí àrá ìkẹyìn sán. Òpó irin láàárín ọgbà kì í ṣe ibi tó yẹ ká dì mú lásìkò yẹn.

Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń dí ọrùn àrọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Oòrùn máa ń sọ ike di gbígbẹ táútáú láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ẹ tún òmíràn ṣe kó tó ya.

Ohun tí iye náà ń sọ

Òjò tí kò tó mìlímítà 10 lọ́jọ́ kan kì í sábà ṣe ilé ní nǹkan kan, àyàfi bí gọ́tà bá ti dí pátápátá. Láàárín 10 sí 30 ni ọ̀pọ̀ òjò gidi wa wà. Tó bá ti ju 50 lọ, ẹ dìde kí ẹ lọ wo gọ́tà, kì í ṣe kí ẹ wò ó lójú fèrèsé. Tó bá ti dé 100, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gọ́tà. Òjò ọdún kan ní Ìbàdàn jẹ́ bíi mìlímítà 1,200 sí 1,300, nítorí náà 187.5 yẹn jẹ́ bí ìdá kan nínú méje gbogbo òjò ọdún, tó dà sílẹ̀ lójúmọ́ kan.

Ṣùgbọ́n iye ọjọ́ kan ṣoṣo lè tan èèyàn jẹ. Mìlímítà 60 tó fi wákàtí méjìlá rọ̀ jẹ́ òjò àgbẹ̀. Mìlímítà 60 kan náà ní wákàtí kan jẹ́ àgbàrá. Bí ààyè bá gbà yín, tí ẹ lè fojú rí ike láti ojú fèrèsé (ìdí nìyí tí ìlà ara ike fi yẹ kó nípọn, kó sì dúdú), ẹ wo iye tó gun láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá gun mìlímítà 5, òjò náà ń lọ ní 30 ní wákàtí kan, ọ̀wààrà gidi ni. Bó bá gun 10, ó ń lọ ní 60. Kò sí gọ́tà ẹsẹ̀ títì kékeré tó máa gbé èyí fún ìgbà pípẹ́.

Irú òjò náà tún ṣe pàtàkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò òjò, ìjì ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ òjò wa wá. Ìlà-oòrùn ló ti ń ṣú, atẹ́gùn tútù á kọ́kọ́ fẹ́, páànù á máa mì, òjò á wá dà lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń rọ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ó kù kó máa sẹ̀ winniwinni. Nítorí náà bí ẹ bá ní kí ẹ dúró wò ó ná, èyí tó burú jù ti kọjá nígbà tí ẹ ń wò ó. Òjò oṣù Kẹfà ní Èkó yàtọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo, ó lè bẹ̀rẹ̀ lóru kó rọ̀ di ọ̀sán, àpapọ̀ rẹ̀ ló ń dani láàmú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ sí Èkó ju mìlímítà 200 lọ.

Ohun kẹta ni ohun tí ilẹ̀ ti mu tẹ́lẹ̀. Mìlímítà 40 ní oṣù Kẹta, ilẹ̀ ọgbà tí a kò fi sìmẹ́ńtì bò á gbé púpọ̀ mì nínú rẹ̀. Mìlímítà 40 ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí òjò kò dá, ilẹ̀ ti yó. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàn. Nítorí èyí, ẹ fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé yín fún àpapọ̀ ọjọ́ méje. Lójoojúmọ́, ẹ ro òjò ọjọ́ méje tó kẹ́yìn pọ̀. Iye kékeré yìí ló ń sọ fún yín ṣáájú bóyá òjò tó ń bọ̀ á rí àyè tàbí kò ní rí.

Ilẹ̀ yín náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀

Ìdí rèé tí a kò fi lè fún gbogbo ènìyàn ní iye kan ṣoṣo pé "bó bá ti dé báyìí, ẹ sá". Abẹ́ Ìbàdàn jẹ́ òkúta líle àtayébáyé. Níbi púpọ̀, erùpẹ̀ tó bò ó kò jìn. Òkè pọ̀ láàárín ìlú: Màpó, Mọ̀kọ́lá, Àrẹ̀mọ. Ilé àti páànù ti bo ẹ̀gbẹ́ òkè wọ̀nyí, nítorí náà òjò tó bá bọ́ sórí wọn kò rí ibi mu wọ̀. Ó ń sáré lọ bá Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọnà. Omi á dé kíákíá, á lágbára, á sì tètè fà. Ògùnpa ṣe irú èyí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń fi ọdún náà ka ọjọ́ orí.

Ní Èkó, iyanrìn àti ilẹ̀ rírọ̀ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì sún mọ́ òkè níbi púpọ̀. Omi kò ní ibi tó máa sáré lọ. Bí òkun bá kún, ọ̀sà náà á kún, ẹnu gọ́tà á sì wà lábẹ́ omi. Òjò tó bá rọ̀ lásìkò yẹn á jókòó títí omi òkun á fi padà. Ìkún òkun ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọ̀sà, kó máa kọ aago ìkún sí ẹ̀gbẹ́ iye òjò, ẹnu á yà á bí wọ́n ṣe ń bára wọn rìn.

Fífa ìlà sí odò

Ike nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì kejì wà ní odò tàbí gọ́tà ńlá tó sún mọ́ yín jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi bá lọ sílẹ̀, ẹ wá òpó afárá tàbí ògiri kọ́fátì kan tí ẹ lè máa wò láti orí ilẹ̀ tó ga, níbi tí ẹ kò ní nílò láti sún mọ́ etí omi. Ẹ fi ọ̀dà kùn ún ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10 láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ kọ nọ́ńbà ńlá sí gbogbo 50: 50, 100, 150. Ẹ lo ọ̀dà funfun lórí pupa tàbí dúdú, kó ṣeé rí lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ sọ fún baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ onílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ẹ fẹ́ sàmì sí ilé tí ìjọba máa wó.

Tí òjò tó ju mìlímítà 20 lọ bá ti rọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìlà tó ga jù tí omi dé, àti aago tó débẹ̀. Ìyàtọ̀ aago méjèèjì ni àkókò tí ẹ ní. Ní ìṣàn kékeré láàárín Ìbàdàn, ó lè máà pé wákàtí kan. Ní odò ńlá, ó lè jẹ́ ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ irú òjò mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ìwé yín ti ń sọ̀rọ̀. Ká ní ó ń fi hàn pé òjò mìlímítà 35 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ gbígbẹ ń gbé omi dé ìlà 60, àmọ́ òjò 35 kan náà, nígbà tí àpapọ̀ ọjọ́ méje ti kọjá 100, ń gbé e dé 130, tí ẹnu ọ̀nà yín sì wà ní 150. Ìyẹn ni iye tiyín. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè fún yín.

Ó ku ohun kan tí ìwé yín kò lè rí: òjò tó rọ̀ ní òkè odò nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ yín. Ẹ wá ẹni kan tàbí méjì tó ń gbé lókè odò náà, ẹ ṣe ike fún wọn, kí wọ́n máa fi iye ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Ògùn, bíi Ìṣẹrí, Kárà tàbí Àjégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, tún ní láti máa tẹ́tí sí ìròyìn ìdídò Ọ̀yán, nítorí pé bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, omi á kún lọ́dọ̀ wọn láìsí òjò kankan. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde, àjọ NIHSA sì máa ń gbé ti omíyalé jáde. Ẹ kà wọ́n kí àsìkò òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mọ irú ọdún tí ẹ fẹ́ wọ̀.

Tí iye bá ti pé

Ẹ pinnu ìlà tí ẹ máa fi kúrò nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí orí yín tutù, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹnu ọ̀nà bá wà ní 150 tí omi sì máa ń gun 40 láàárín ìdajì wákàtí, ìlà 100 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 140. Ẹ pa iná láti máìnìsíìṣì kí omi tó dé ihò iná ara ògiri. Bí omi bá ti débẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Bátìrì ìnfátà àti jẹnẹrétọ̀ ń bẹ nílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn ni omi sì ń kọ́kọ́ bá. Ẹ gbé wọn lé tábìlì nígbà tí àpapọ̀ ọjọ́ méje bá ti ga, ẹ má dúró de òjò.

Omi tó ń sáré, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 péré, lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà nílẹ̀. Ní 30, ó lè mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré léfòó. Ní 60, ó ń gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, jíìpù pẹ̀lú. Awakọ̀ máa ń wo ọkọ̀ iwájú tó ti kọjá, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún omi ti lè gun 20 sí i, títì tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti lè jẹ. Ẹ yí padà. Lábẹ́ omi pupa yẹn, ẹ kò lè rí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tí omi bá fà, omi kànga tí àgbàrá bá wọ̀ kì í ṣe fún mímu mọ́ títí wọ́n á fi fà á gbẹ, kí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Kọ́lẹ́rà kì í jìnnà sí omíyalé.

Kí ẹ tó fọ ògiri, ẹ wá ìlà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀. Ẹ kan ìṣó kan sí ibi tó ga jù, ẹ wọn gíga rẹ̀ sí ilẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà kọ ọjọ́ àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú, pẹ̀lú iye òjò ọjọ́ náà àti àpapọ̀ ọjọ́ méje tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín lọ́dún mẹ́wàá sí i, ìṣó yẹn ni kí ẹ fi hàn án.